Ibi wo ni kí a máa gbé lẹ́yìn Àjàṣẹ́ àti Kútọnu? Bí a ṣe ń mọ ààlà kí a tó san owó

Àwọn ọmọ wa láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobè àti Sakété tí iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ gbé wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tàbí Kútọnu kì í sábà rí àyè láàárín ìlú mọ́. Àárín ìlú ti kún, owó ilé ti gòkè, ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń lọ: Ekpè, Djèrègbé, Vakon, Malanhoui, Atchoukpa, Godomey, Akassato. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà, nítorí ọ̀pọ̀ wa kò mọ ibi tí ìlú kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Godomey á ní Kútọnu ni òun ń gbé. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Malanhoui á ní Àjàṣẹ́ ni òun ra ilẹ̀ sí. Lẹ́nu, kò burú. Lórí ìwé, ó lè gba owó lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè gba ilẹ̀ náà pẹ̀lú.

Ẹni tó fẹ́ gba yàrá, ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀, àti òbí tó wà ní abúlé tó ń fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ kí ó bá òun ra ilẹ̀, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ààlà ni kí a wò kí a tó san owó.

Ìdí tí ẹ̀yìn ìlú fi kún

Ẹ wo Kútọnu. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀, adágún Nokoué wà ní àríwá rẹ̀. Kò ní ibi tí yóò nà sí ju ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn lọ, commune mìíràn ló sì wà ní ìhà méjèèjì. Ìkànìyàn ọdún 2002 bá 665.100 ènìyàn níbẹ̀. Ti ọdún 2013 bá 679.012. Láàárín ọdún mọ́kànlá, nǹkan bí 14.000 péré ló fi lé sí i.

Ẹ wá wo Abomey-Calavi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: 307.745 ní ọdún 2002, 656.358 ní ọdún 2013. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Sèmè-Podji, tó wà láàárín Kútọnu àti Àjàṣẹ́, kúrò ní 115.238, ó di 222.701. Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀ kúrò ní 223.552, ó di 264.320.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, wọ́n sì ń sùn ní commune mìíràn. Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, nǹkan bí kìlómítà 30 ni. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yẹn, ilé ti so mọ́ ilé débi pé àlejò kò lè mọ ìgbà tó kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ìpín mẹ́rin ló yẹ kí a mọ̀, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Département: méjìlá ni wọ́n. Préfet ni olórí rẹ̀, ìjọba ló sì ń yàn án. Kútọnu nìkan ni ó di Littoral. Abomey-Calavi wà nínú Atlantique. Àjàṣẹ́ àti Sèmè-Podji wà nínú Ouémé. Kétu, Pobè, Sakété, Ifangni àti Adja-Ouèrè ló di Plateau. Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú Collines.

Commune: 77 ni wọ́n. Òfin 97-029 ti 15 oṣù kìíní 1999 ló ṣètò wọn. Ìparí ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003 ni a kọ́kọ́ dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ wọn. Òfin 2021-14 ti 20 oṣù kejìlá 2021, tí wọ́n ń pè ní Code de l'administration territoriale, ló wà lórí ọ̀rọ̀ náà báyìí. Láti ìgbà òfin yìí, a ní maire tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀, a sì ní secrétaire exécutif tó ń darí iṣẹ́ mairie lójoojúmọ́. Tí ẹ bá lọ béèrè ìwé, ẹ má yà sí i tí wọ́n bá ní orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí.

Arrondissement: 546 ni wọ́n. Chef d'arrondissement, tí gbogbo wa ń pè ní CA, ni olórí rẹ̀.

Village tàbí quartier: 5.290 ni òfin 2013-05 ti 27 oṣù karùn-ún 2013 kà wọ́n sí. Òfin yẹn dá ọ̀pọ̀ quartier tuntun sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé àtijọ́ kan fi lè gbé orúkọ quartier kan, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń pe ibì kan náà ní orúkọ mìíràn lónìí. Ẹ béèrè orúkọ méjèèjì.

Ẹ kíyè sí i: orúkọ commune àti ti arrondissement lè jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú commune Abomey-Calavi, arrondissement kan wà tó ń jẹ́ Abomey-Calavi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Sèmè-Podji, bẹ́ẹ̀ sì ni Kétu wa níbí. Ẹni tó bá ní "Calavi ni mo ní ilẹ̀" lè máa sọ nípa Zinvié, ó lè máa sọ nípa Kpanroun, tó jìnnà gan-an sí mairie. Ẹ má dúró lórí orúkọ commune. Ẹ béèrè arrondissement, ẹ sì béèrè quartier.

Ta ló ni ibi wo?

Kútọnu ní arrondissement 13, wọn kò ní orúkọ, nọ́ńbà ni wọ́n ń jẹ́. Àjàṣẹ́ ní márùn-ún, nọ́ńbà ni tiwọn náà. Tí ìwé ibì kan bá wá gbé orúkọ arrondissement dípò nọ́ńbà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Kútọnu, kì í sì í ṣe Àjàṣẹ́.

Abomey-Calavi ní mẹ́sàn-án: Abomey-Calavi, Akassato, Glo-Djigbé, Godomey, Hêvié, Kpanroun, Ouèdo, Togba àti Zinvié. Godomey ló bá Kútọnu pààlà ní ìwọ̀-oòrùn.

Sèmè-Podji ní mẹ́fà: Agblangandan, Aholouyèmè, Djèrègbé, Ekpè, Sèmè-Podji àti Tohouè. Agblangandan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu ní ìlà-oòrùn. Djèrègbé sún mọ́ Àjàṣẹ́.

Adjarra ní mẹ́fà: Adjarra 1, Adjarra 2, Aglogbè, Honvié, Malanhoui àti Médédjonou.

Akpro-Missérété ní márùn-ún: Akpro-Missérété, Gomè-Sota, Katagon, Vakon àti Zoungbomè.

Avrankou ní méje: Atchoukpa, Avrankou, Djomon, Gbozoumè, Kouti, Ouanho àti Sado.

Adjarra, Akpro-Missérété àti Avrankou ló yí Àjàṣẹ́ ká ní òkè. Ẹni tó ń gbé Vakon tàbí Malanhoui á máa ná ọjà Ouando, ọmọ rẹ̀ lè máa lọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́, zémidjan á sì máa gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Síbẹ̀, mairie rẹ̀ kọ́ ni ti Àjàṣẹ́.

Kí ni ààlà yìí ń yí padà?

Àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹni tó ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Ká sọ pé ẹ ra ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà tó wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Adjarra. Ẹni tó tà á mú yín lọ bá chef de quartier kan, ìyẹn fọwọ́ sí i, owó sì kọjá. Nígbà tí ẹ gbé ìwé dé mairie, wọ́n ní ilẹ̀ yìí kò sí lábẹ́ wọn. Ẹ lọ sí mairie kejì, wọ́n ní àwọn kò mọ chef tó fọwọ́ sí i. Ìwé yín ti di ìwé tí kò ní ilé. Olóòótọ́ ni chef yẹn lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fọwọ́ sí kì í ṣe tirẹ̀.

Èkejì, ilé-ẹjọ́. Òfin 2022-16 ti 19 oṣù kẹwàá 2022 dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Cour spéciale des affaires foncières. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, commune márùn-ún ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀: Kútọnu, Àjàṣẹ́, Abomey-Calavi, Sèmè-Podji àti Ouidah. Èyí já sí pé ẹjọ́ ilẹ̀ Djèrègbé lè lọ síbẹ̀, nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ Malanhoui ń lọ sí tribunal tó wà ní Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ méjì tí kò jìnnà síra wọn, ilé-ẹjọ́ méjì.

Ẹ̀kẹta, owó orí ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní TFU. Ilẹ̀ ló ń pinnu commune tí owó náà wà fún. Ẹ̀rí TFU tí a ti san lọ́dọọdún wúlò púpọ̀ tí ìjà bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í mú: ẹ̀rí pé a san owó orí kì í ṣe ẹ̀rí pé àwa la ni ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ohun ojoojúmọ́: ìwé ibùgbé, ibi ìdìbò, ilé ìwòsàn arrondissement, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó sún mọ́ ilé. Ọ̀nà tó bàjẹ́ tàbí gọ́tà tó dí, mairie tó ni ibẹ̀ la máa bá sọ ọ́. Tí ẹ bá ń kígbe sí Àjàṣẹ́ nípa von kan tó wà ní Vakon, kò sẹ́ni tí yóò dá yín lóhùn.

Ààlà ilẹ̀ fúnra rẹ̀

Ní abúlé wa, a mọ ààlà. Pèrègún ni bàbá wa gbìn, tàbí akòko. Tàbí odò, ọ̀nà oko, òkìtì ọ̀gán. Àgbà méjì tí wọ́n mọ ibi tí pèrègún wà tó láti parí ìjà. Lẹ́yìn ìlú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ lónìí ti fa pèrègún tu kí ilé blọ́ọ̀kù rẹ̀ tó dé ojú fèrèsé, àgbà tó mọ ibẹ̀ sì ti kú. Ohun tó kù ni borne, òpó kékeré tí géomètre rì mọ́lẹ̀, pẹ̀lú levé topographique, àwòrán ilẹ̀ tó gbé nọ́ńbà igun kọ̀ọ̀kan. Borne lè yí padà lóru. Nọ́ńbà inú levé kì í yí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí géomètre tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá wọn ilẹ̀ náà, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á nìkan.

Ohun kejì ni lotissement. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣètò quartier kan, wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́, ọjà àti ilé ìwòsàn. Ara ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń yọ àyè yìí. Ẹni tó ní ilẹ̀ ńlá lè rí i pé ó dín kù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sójú ọ̀nà ni wọ́n á gbé lọ sí ibòmíràn. Recasement la ń pe ìyẹn. Tí ẹ bá ra ilẹ̀ níbi tí lotissement kò tíì parí, ẹ mọ̀ pé ibi tí ẹ dúró sí tí ẹ ń wò yẹn lè máà jẹ́ ibi tí ilé yín yóò wà. Ìbéèrè tó ṣe kókó nìyí: "Ṣé lotissement ti parí níbí? Ìwé recasement dà?" Ẹ má kọ́ ilé sórí ìlérí.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí ìjọba ti mú. Ní Glo-Djigbé, ìjọba gba ilẹ̀ púpọ̀ fún àgbègbè ilé-iṣẹ́. Ní Ouèdo, wọ́n gbà á fún ilé tí ìjọba ń kọ́. Etí omi àti inú irà náà, ti gbogbo ìlú ni, kì í ṣe ti ẹnì kan láti tà. Ẹ̀kẹrin ni igbó Orò, igbó òrìṣà àti ilé Zangbeto. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ ààlà wọn, bí kò tilẹ̀ sí borne. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Àwọn ìwé, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe

Òfin 2013-01 ti 14 oṣù kẹjọ 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017 pẹ̀lú òfin 2017-15, ni Code foncier wa. Òun ló dá ANDF sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀.

Convention de vente fi hàn pé àdéhùn wà láàárín ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Kò sọ yín di onílẹ̀ lójú òfin. Ẹnì kan lè ta ilẹ̀ kan náà fún ènìyàn mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní convention tirẹ̀ lọ́wọ́.

Attestation de détention coutumière, ADC, ni ìwé tó ń fi hàn pé ẹnì kan tàbí ìdílé kan ló di ilẹ̀ mú gẹ́gẹ́ bí àṣà. A kì í gbà á láì ṣe ìwádìí níwájú àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà.

Titre foncier ni ìwé tó lágbára jù. Ẹni tó ní i ni òfin mọ̀ sí onílẹ̀. Ilẹ̀ tó ní titre foncier, níwájú notaire ni kí a ti tà á.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo gbọ́, ì báà jẹ́ àkọ́bí. Ẹ béèrè ìwé ìpàdé mọ̀lẹ́bí tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, àwọn obìnrin pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìjà ló ti ọwọ́ àbúrò tó wà ní Èkó tàbí Gàbọ́ọ̀nù wá, tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn ìbátan wa tó wà ní Nàìjíríà. Code foncier kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ra ilẹ̀ abúlé láti di onílẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n bá notaire sọ̀rọ̀ kí owó tó kọjá Kraké.

Omi àti ọ̀nà

Ilẹ̀ tó dára lórí ìwé lè máà ṣeé gbé. Òjò ńlá wa máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje. Òjò kékeré ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Lórí ìyẹn, omi odò Ouémé tó ń ti àríwá bọ̀ máa ń kún láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, ó sì ń wọ adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Àwọn tó wà ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́bàá omi yìí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni èmi gba yàrá mi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìlú. Ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, onílé ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹwàá, orí tábìlì ni mo ń kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún mi; èmi ni mi ò béèrè. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ wo ògiri ilé tó wà nítòsí: omi máa ń fi àmì sílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta àkàrà ní ìkóríta, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba owó yín.

Ẹ wo iná àti omi náà. Ṣé òpó SBEE dé ibẹ̀, tàbí okùn ni wọ́n fà láti ilé ẹlòmíràn? Ṣé SONEB wà, tàbí forage, tàbí kànga? Owó tí ẹ óò fi fà wọ́n dé ilé wà lára iye ilẹ̀ náà. Ẹ fi zémidjan gba ọ̀nà náà ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ mọ iye tí yóò máa ná yín lóṣù. Ilẹ̀ tó rọrùn láti rà lè wọ́n láti gbé.

Ẹ má gbàgbé èdè àti ènìyàn. Láàárín Àjàṣẹ́, Yorùbá àti Gun jọ ń sọ ara wọn. Ní Adjarra àti Avrankou, Gun ló gbilẹ̀. Ní Abomey-Calavi, Aïzo àti Fon. Ẹni tí kò gbọ́ èdè adúgbò kò ní gbọ́ ìròyìn adúgbò, ọ̀rọ̀ ààlà sì wà nínú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ẹni tó máa túmọ̀ fún yín lọ́jọ́ àdéhùn, kí ó jẹ́ ẹni tí ẹ̀yin mú wá.

Fún ẹni tó fẹ́ gba ilé

Òfin 2018-12 ti 2 oṣù keje 2018 wà lórí ilé gbígbà. Owó ìdúró tí onílé lè béèrè kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ béèrè ìwé àdéhùn, ẹ sì gba rìsíìtì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá sanwó. Kí ìwé náà gbé orúkọ quartier, arrondissement àti commune. Ẹni tó bá wá fẹ́ ìwé ibùgbé lọ́la yóò mọ ọ́fíìsì tí yóò kàn.

Ìgbésẹ̀ méje kí owó tó kúrò lọ́wọ́

1. Ẹ kọ orúkọ quartier, arrondissement, commune àti département sílẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ń ṣiyèméjì lórí ọ̀kan, ẹ dúró.
2. Ẹ lọ bá chef de quartier fúnra yín, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yan chef fún yín. Ẹ bi chef tó wà ní ìhà kejì náà bóyá ó gbà pé ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.
3. Ẹ kí àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ béèrè bóyá ìjà wà.
4. Ẹ mú géomètre tiyín wá kí ó ṣe levé.
5. Ẹ gbé levé náà lọ sí ANDF tàbí ọ́fíìsì ilẹ̀ tó wà ní commune, kí wọ́n wò bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú titre foncier ẹlòmíràn tàbí ilẹ̀ ìjọba. Ọmọ tó mọ fóònù lò lè kọ́kọ́ wo cadastre.bj.
6. Ẹ padà lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́yìn òjò.
7. Ẹ san owó níwájú notaire tàbí ní báńkì, kí ẹ̀rí wà. Ẹ má kó owó sínú báàgì.

Ìgbésẹ̀ méje yìí á gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á sì ná yín ní owó díẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá san án lọ́la", ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà san án. Ẹ̀yin òbí tó ta ìkórè kí ọmọ lè ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́: "Commune wo ni, arrondissement wo ni?" Tí kò bá lè dáhùn, owó kò tíì yẹ ní fífi ránṣẹ́.